Àpótí Ìyá Àgbà Kò Ga Ju Orúnkún Lọ

Nígbà tí Ìyá Àgbà wa kú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ ṣe pátákó ìkéde, ó ní kí wọ́n kọ "Erin Wó" sí i gàdàgbà. Mo wo pátákó náà títí. Erin kẹ̀? Obìnrin tó jẹ́ pé bí wọ́n bá dúró lẹ́yìn agbada àkàrà, ìborùn wọn nìkan lẹ ó rí? Bí ohun kan bá wó ní Alabar lọ́jọ́ náà, ìtẹ́ agbọ́n ni, àwa tó sì ti gba oró rẹ̀ mọ ibi tó ṣì ń ta wá.

Ẹ má retí ọjọ́ ìbí wọn lọ́dọ̀ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n, àwọn náà ò mọ̀ ọ́n. Àlàájà Sèlíátù ni orúkọ wọn. Ará Ìlọrin ni bàbá tó bí wọn, ṣùgbọ́n Alabar níbí, láàárín Kùmásì, ni wọ́n ti lajú sáyé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pa á dé. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n dá sílẹ̀ nínú àgbàlá ilé wa. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè wọ́n ní Nana, bí àwọn Àṣáńtì ṣe ń pe ìyá àgbà, bí wọ́n sì ṣe ń pe ọba. Mi ò mọ èyí tí Ìyá Àgbà ń jẹ́ nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo fura.

Èmi ni Ràímì, ọmọ tí ọmọbìnrin wọn bí. Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe ní Dichemso. Ìwé mi kò lọ jìnnà: Fọ́ọ̀mù Tú ni èmi àti ìwé ti pínyà, kò sì sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Wọ̀fá ni àwọn ọmọ ń pè mí, ìyẹn àbúrò ìyá wọn lọ́kùnrin, nítorí èmi ni mò ń kan àpótí tí wọ́n ń jókòó lé.

Lọ́jọ́ tí a sin Ìyá Àgbà, fọ́ọ̀mù kan wà nínú àpò mi. Àwọn ló gbà á, àwọn ló fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ mi sí i. Fọ́ọ̀mù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni, fún ẹni tó bá fẹ́ di olùtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ní iléèwé. Ohun méjì péré ló kù: kí n ka ìwé ìtàn kan fún àwọn ọmọ lójú olórí iléèwé, kí n sì fọwọ́ sí i. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti sọ ọ́ pé bí a ò bá rí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ yẹn fi dípò Ìyá Àgbà kí táàmù tuntun tó wọlé, àwọn yóò ti yàrá àwọn ọlọ́dún mẹ́ta pa. Ọmọ méjìlélógún ló wà níbẹ̀, ọmọ àwọn tó ń tajà ní ọjà Kejetia. Bí wọ́n bá ti yàrá yẹn, abẹ́ tábìlì ọjà ni wọ́n ń padà sí.

Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo ti gun òrùlé ilé alájà mẹ́ta láìso okùn mọ́dìí. Ìwé kíkà fún ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ariwo.

Abọ́ tánganran ni Ìyá Àgbà ń tà ní Kejetia tẹ́lẹ̀. Àwọn ìyá tó yí wọn ká a máa fi okùn so ọmọ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, kó má bàa rìn bọ́ sójú ọ̀nà ọkọ̀. Ìyá Àgbà wò ó títí, ó sú wọn, wọ́n kó ọmọ mẹ́fà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa. Wọ́n ní kì í ṣe àánú o. Wọ́n ní ẹkún ọmọ ni kò jẹ́ káwọn gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ. Mo gbà wọ́n gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá mọ Alabar mọ̀ pé etí la fi ń wọn iléèwé níbẹ̀. Láti ilé kéú ni ó ti ṣẹ̀ wá. Òbí tó ń kọjá gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti ìta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a jẹ́ pé Málàámù ti sùn lọ. Ìyá Àgbà náà kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: pàṣán lọ́wọ́, ariwo dé ìpẹ̀kun títì. Lọ́jọ́ kan wọ́n lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan. Ìgbà tí wọ́n dé, wọ́n fi pàṣán dáná ògì, wọ́n da yanrìn sáàárín àgbàlá, wọ́n gbé omi àti agolo kalẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa ṣeré. Ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, ẹnu dákẹ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Ìyá Síkírá tó ń ta gààrí fi wá dúró lẹ́nu fèrèsé.

"Nana, mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mi."

"Ọmọ rẹ ń da omi sínú agolo."

"Omi? Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé kò sómi nílé wa ni?"

"Ó ń wo èyí tó gba omi jù nínú agolo méjì."

"Èmi náà lè sọ fún un! Èyí tó tóbi ni!"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ọmọ mọ́kànlá ti lọ síbi tí wọ́n ti ń pariwo. Ẹlòmíràn ì bá sáré lọ gé pàṣán tuntun. Ìyá Àgbà kò gé pàṣán, wọn ò sì jókòó kí ebi pa wọ́n. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bó bá ti ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àwọn òbí dé, wọ́n á to gbogbo ọmọ sẹ́nu géètì, wọ́n á ní, "Ó yá, ẹ jẹ́ ká pariwo fún àwọn ìyá yín!" Àwọn ọmọ á figbe ta, wọ́n á ka wáànù, tú, tírì bí ẹni tí ilé ń jó. Àwọn ìyá á máa mi orí bọ̀ láti ọ̀nà Kejetia, wọ́n á ní ẹ̀kọ́ ń lọ, wàláhì, ẹ̀kọ́ ń lọ. Àwọn mọ́kànlá náà padà wá kí oṣù tó pé. Títí di òní ni wọ́n ń pariwo yẹn.

Mo bi wọ́n léèrè pé ṣé ẹ̀tàn kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin Àlàájà tí ẹ ti dé Mẹ́kà? Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ ni ti ọmọ, ariwo ni ti òbí. Fún ìyá ní tirẹ̀, yóò jẹ́ kí ọmọ jẹ tirẹ̀."

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní tí ẹnikẹ́ni kò lè tẹ̀: a kì í dúró bá ọmọdé sọ̀rọ̀. O fẹ́ kí ọmọ? Jókòó. O fẹ́ bá a wí? Jókòó ná, kí ìdí rẹ tó kanlẹ̀, ìbínú rẹ á ti dín. Ìka wọn á kọ́kọ́ tọ́ka sí àpótí, wọ́n á wá fi Twi, èdè àwọn Àṣáńtì, pa á láṣẹ: "Tena ase!" Jókòó. Mo ti rí ìyá ìyàwó, mo ti rí páàsítọ̀, mo ti rí lémọ́mù tó gba "tena ase" yẹn, tí wọ́n sì jókòó.

Ní Kùmásì níbí, ẹni tó bá rí ìjókòó oyè gbà ń fẹ́ kó ga, kí wọ́n sì gbé agboòrùn lé òun lórí. Ìyá Àgbà ní kí n kan ìjókòó tí kò ga ju orúnkún lọ, orúnkún ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta ni mo wí o. Mo kan méjìlá, mo fi bébà fá a, mo kùn ún, mo rù ú lọ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n wo ọ̀kan, wọ́n ní ó ga.

"Ìyá Àgbà, mo wọ̀n ọ́n o."

"Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Ara mi ni. Mo wá dín in kù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn àti ọmọ kan tí ikun ń ṣàn nímú rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú trotro, ọkọ̀ akérò wa, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Dichemso. Wọ́n gbé ọmọ náà lé orí tábìlì iṣẹ́ mi, láàárín ayùn àti ìṣó, lójú àwọn oníbàárà mi. Wọ́n ní, "Ìwọ̀n rẹ nìyí. Wọ̀n ọ́n." Mo wọ̀n ọ́n. Ọmọ náà fi tépù mi nu imú. Mo gé ẹsẹ̀ àpótí méjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin, ẹsẹ̀ méjìdínláàádọ́ta, mo sì ń ráhùn bí mo ṣe ń gé e pé àgbà wo ló máa jókòó sórí irú èyí, ṣé kò ní já bọ́ báyìí?

Wọ́n ní, "Ẹni tó bá ti wà nílẹ̀ tó báyìí, ibo ló tún kù tó lè já sí?"

Èmi tí mò ń kàn án, mi ò jókòó sórí ọ̀kan rí. Mo ní orúnkún ń dùn mí. Ìgbà tí wọ́n bá ní kí n wá kàwé fún àwọn ọmọ ni orúnkún náà máa ń dùn mí jù.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí gbogbo Alabar fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀gá kan ti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ wá, ó wọ kóòtù nínú ooru, ó gbá fáìlì mọ́ àyà. Ó ń wá àga. Ìyá Àgbà na ìka sí àpótí mi. "Tena ase." Ọkùnrin náà wo àpótí, ó wo ìyá náà, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ọmọ kan dúró, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Pàpá, ṣé ìgbẹ́ ń gbọ̀n ọ́ ni?"

Ìdí tí ọ̀gá náà fi wá kò pani lẹ́rìn-ín. Ó ní iṣẹ́ Nana dára, ojú òun rí i, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí kò lè jẹ́ olórí iléèwé mọ́. Ìyá Àgbà kò ní in. Àkọ́bí wọn, Bàbá Lásísì, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ní kò le, gbogbo ayé ló mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ká wá olórí inú ìwé, ẹni tí yóò kàn máa jẹ́ orúkọ, kí Ìyá Àgbà máa ṣe ìjọba wọn lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Àgbà yọ aago iléèwé kúrò lára ìṣó tó ti ń kọ́ láti ọdún gbọ́nhan, wọ́n gbé e fún Akosua. Olùkọ́ ni Akosua, ọmọ Àṣáńtì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òun nìkan ló ní ìwé-ẹ̀rí láàárín wọn. Lánàá ọjọ́ náà ni wọ́n bú u nítorí ó pẹ́ dé.

"Láti òní lọ, ìwọ ni Màdáàmù."

Akosua bú sẹ́kún. "Nana, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Màdáàmù, ọmọ kan ti tọ̀ sára níbẹ̀ yẹn. Ṣé kí n lọ pààrọ̀ ṣòkòtò rẹ̀, àbí iṣẹ́ mìíràn wà?"

Bí wọ́n ṣe di olùtọ́jú ọmọ nínú iléèwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dá sílẹ̀ nìyẹn. Bàbá Lásísì kó àgbàlagbà mẹ́ta lẹ́yìn wá, ó gbóhùn sókè: "Ẹ kọ́ ilé tán, ẹ fi kọ́kọ́rọ̀ lé àlejò lọ́wọ́!"

Ìyá Àgbà ní, "Lásísì, ta ni àlejò? Ta ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbí, ta ni wọ́n kó ti tirẹ̀ wá láti Ìlọrin?" Àwọn àgbàlagbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà wọn. Ìyá Àgbà wá ní, "Iṣẹ́ ni mo gbé fún un. Ilé lo rí níbẹ̀, nítorí ilé lò ń wò láti ọjọ́ yìí."

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìgbéraga Ìyá Àgbà ga débi pé ó lè sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa. Bí Akosua bá gbé gègé síbi tí kò yẹ, wọ́n á tẹríba, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibẹ̀ náà lẹ fẹ́ kó wà?" Bí ó bá gbàgbé láti ka àwọn ọmọ, "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́, mélòó la ní lónìí?" Akosua sọ fún mi pé lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, bí òun bá gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́", òun á ti máa wá ohun tí òun ṣì ṣe. Ọdún méjì ni "ẹ jọ̀ọ́" yẹn fi kọ́ ọ níṣẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ìyá Àgbà ń wọ trotro lọ kàwé pẹ̀lú àwọn ọmọdébìnrin tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ṣe ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n fìdí rẹmi. Èmi ni, ǹ bá ti fi ìwé èsì yẹn dáná. Àwọn gbé e wá sí yàrá àwọn ọlọ́dún mẹ́ta, wọ́n jókòó, wọ́n fi han gbogbo wọn. Mò ń kan ẹsẹ̀ tábìlì kan lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ: "Nana kàwé, Nana kò yege. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, nítorí mò ń padà lọ." Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ọba ló wọlé.

Nígbà tí wọ́n yege, gbogbo wa ń retí kí wọ́n gba aago padà. Wọn ò gbà á. Wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí náà kọ́ sí yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ ṣòkòtò ọmọ. Bàbá Lásísì béèrè pé kí wá ni ìwúlò rẹ̀. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí dára. Wọ́n ní ó dára díẹ̀."

Ṣùgbọ́n kí n má fi òkú ṣe málàíkà. Wọn kì í yin ènìyàn. Wọ́n máa ń rẹ́ ọmọ-ọmọ jẹ nínú lúdò, wọ́n á sì tún búra. Ìyá mi sì ní ẹjọ́ tí kò tán nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìtúnu kan, a ń jẹun lọ́wọ́, àlejò kan ń yin Ìyá Àgbà pé ìyá gbogbo Kejetia ni wọ́n. Ìyá mi gbé ṣíbí kalẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ han àlejò náà. Àpá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí èmi ti ń rí láti kékeré, tí mo pè ní àpá egbò.

Ó ní, "Okùn nìyẹn. Èmi ni ọmọ tí ìyá gbogbo Kejetia so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ló mọ itan wọn. Èmi, tábìlì ni mo mọ̀."

Mo ronú kan ọmọ tí wọ́n ní ẹkún rẹ̀ kò jẹ́ káwọn gbọ́ oníbàárà. Ìyá Àgbà kò bínú, wọn ò tọrọ gáfárà. Wọ́n wo àpá náà pẹ́, wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ẹnì kan ni mo fi kọ́ṣẹ́ yìí, ìwọ ni."

Ó kàn mí wàyí.

Kíláàsì Fọ́ọ̀ ni mo wà nígbà tí olùkọ́ kan pè mí síwájú pé kí n kàwé. Ọ̀rọ̀ kẹta há mi lọ́nà. Ó gbé pàṣán sókè, kò tíì bà mí rárá tí omi gbígbóná ti ń ṣàn lẹ́sẹ̀ mi. Àádọ́ta ọmọ ló rí i. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ìwé lé mi lọ́wọ́ níwájú ènìyàn méjì, mo máa ń kọ́kọ́ wo ṣòkòtò mi ná. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Àgbà fi ń ní kí n wá kàwé fún àwọn ọmọ, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń rí ìṣó tó yẹ kí n gbá. Kò sí jẹ́lé-ó-sinmi tí àpótí rẹ̀ le tó tiwa ní gbogbo Kùmásì. Ẹ̀rù ló kàn án.

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn, wọ́n pè mí sídìí ibùsùn lọ́sàn-án kan, wọ́n na fọ́ọ̀mù sí mi. Mo dúró, mò ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

"Jókòó. Ràímì, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an?"

"Ìyá Àgbà, bí mo bá ṣì í kà ńkọ́? Wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n. Wọ́n ní, "Ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta? Wọn ò mọ̀wé, ìwọ òpònú. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé o ṣì í kà?"

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tí wọ́n bá mi sọ nìyẹn. Àwọn ẹlòmíràn, àdúà ni wọ́n gbà lẹ́nu òkú wọn. Èmi, òpònú ni mo gbà.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, Bàbá Lásísì wọ yàrá àwọn ọlọ́dún mẹ́ta, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ó ní bí ọ́fíìsì bá ti yàrá yìí pa, ó máa gba àpò sìmẹ́ńtì dáadáa. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí mi.

"Ràímì, yá mi ní tépù rẹ."

Mo yá a. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Fọ́ọ̀mù wà nínú àpò òsì mi, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún yọ tépù fún un.

Màdáàmù Akosua rí wa. Èmi ni ó yíjú sí.

"Wọ̀fá, fọ́ọ̀mù yẹn ńkọ́?"

"Mò ń wá bírò."

"Láti ọjọ́ tí a ti sin Nana? Ọ̀la ni ọ́fíìsì ń gba èyí tó kẹ́yìn." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó tẹ orí ba. "Wọ̀fá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé yàrá sìmẹ́ńtì lẹ fẹ́ kó jẹ́?"

Mo mọ ẹni tó ni "ẹ jọ̀ọ́" yẹn.

Mo wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìwé tí wọ́n gbé fún mi, Ìyá Àgbà ló fọwọ́ ara wọn ṣe é lẹ́yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́: ìtàn ewúrẹ́ kékeré kan tó sọ ìyá rẹ̀ nù ní Kejetia. Twi ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí ọmọ Ìlọrin, ọmọ Hausa, ọmọ Dàgọ́ńbà, Twi ni gbogbo wọn fi ń bá ara wọn jà. Ojú ewé mẹ́jọ, gbólóhùn kan lójú ewé kan. Ọmọ méjìlélógún yíjú sí mi. Màdáàmù jókòó sígun yàrá. Mò ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń sọ̀ kalẹ̀, mi ò bá àpótí. Nígbà tí mo fi bá a, orúnkún mi ti fẹ́ kan etí mi.

Mo ka ojú ewé kìíní: ewúrẹ́ kékeré jí, kò rí ìyá rẹ̀. Ìyẹn lọ dáadáa. Ní ojú ewé kejì, ọ̀rọ̀ gígùn kan dábùú ọ̀nà bí igi. Mo fò ó, mo ṣí ojú ewé kẹta.

Rahína, ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ ń ta ata, dìde. "Wọ̀fá, o fo aláṣọ."

"Mi ò fo nǹkan kan."

"O fò ó! Aláṣọ kọ́kọ́ lé ewúrẹ́, kó tó dé ọ̀dọ̀ alábọ́. Nana kì í fò ó."

"Aláṣọ lé e!" Gbogbo wọn ti gbà á. "Aláṣọ! Aláṣọ!"

Ẹ wá wo Ìyá Àgbà! Wọ́n ní àwọn ọmọ ò ní mọ̀. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ka ìwé yẹn fún wọn, ọmọ méjìlélógún ló mọ̀ ọ́n lórí bí fátíà. Ìyá Àgbà tì mí sínú kànga kí wọ́n tó kú, wọ́n sì mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Òógùn bò mí. Ọ̀rọ̀ gígùn náà ń jó lójú mi. Mo wo ṣòkòtò mi.

Ó gbẹ.

Mo tún wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbẹ lóòótọ́. Mo bá gbórí sókè, ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn ló jáde lẹ́nu mi: "Wọ̀fá kàwé, Wọ̀fá kò yege. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi, nítorí mò ń padà lọ sí ojú ewé kejì."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀. Mo padà lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti há mi, wọ́n á fà mí yọ, èmi á fi ìka sábẹ́ rẹ̀, a ó tún un kà pọ̀. Báyìí ni ọmọ méjìlélógún ṣe fà mí la Kejetia já dé ojú ewé kẹjọ, níbi tí ewúrẹ́ ti rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn àwọn alábọ́.

Bí mo ṣe pa ìwé dé, mo fò dìde, mo kọrí sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti ṣe é, ó tán.

"Wọ̀fá," Rahína ní, "ọ̀la ńkọ́?"

Mo yí orí padà láti ẹnu ọ̀nà. "Ọ̀la, a máa wò ó ná—"

Ọmọ náà na ìka. Mo mọ ìka yẹn. Ó tọ́ka sí àpótí, ó ní, "Tena ase!"

Màdáàmù Akosua fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo wo ìlẹ̀kùn, mo wo ìka. Mo padà wá jókòó. Mo sọ fún Rahína pé mò ń bọ̀ lọ́la. Mo fa fọ́ọ̀mù yọ, mo tẹ́ ẹ sórí orúnkún mi, mo fọwọ́ sí i, Màdáàmù náà fọwọ́ sí tirẹ̀, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì kí n tó yí ọkàn padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo lọ gba tépù mi lọ́wọ́ Bàbá Lásísì. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi wọ̀n. Mo ní àpótí ni, mo nílò ọ̀kan tí yóò jẹ́ tèmi.

Ìwọ̀n àtijọ́ náà ni mo lò, mi ò fi ìka kan kún un. Àwọn ènìyàn máa ń wo àpótí Ìyá Àgbà, wọ́n á ní ó lọ sílẹ̀ jù. Èmi tí mo kàn án fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo wá jókòó lé e, ni mò ń sọ fún yín: kò lọ sílẹ̀ rárá.